Àpótí Ìjókòó Ẹ̀yìn Àpáta

Ewúrẹ́ mẹ́rìnlá ló wà lórí Òkè-Ìṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, Mọrádèyọ̀ sì ti yọ gbogbo wọn kúrò nínú ìṣirò. Ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní agogo ọrùn tó ń sọ ibi tó wà àti bó ṣe wúwo tó fún òṣùwọ̀n, kí òṣùwọ̀n lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ti yọ ara tirẹ̀ náà. Lẹ́nu géètì ló ti gun ìwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀kọ méjì tó fẹ́ jẹ lọ́sàn-án lọ́wọ́, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ̀kọtẹ̀kọ. Lórí òkè yìí, ẹni tó bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan pamọ́ sápò ti parọ́ fún ìjọba.

Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kò mira.

Ó sún mọ́ gíláàsì, ó wò ó títí ojú fi ń ta á. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan ni, wọ́n so ó rọ̀ nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, níbi tí atẹ́gùn kò dé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní láyé ni kó máa wá òòfà Àlọbọ̀, ìyẹn bí ìwúwo rẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra. Àlọbọ̀ ni odindi òkúta ojú ọ̀run tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni gbẹ́ odó, tí wọ́n kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn sí, tó sì ti gbéra láti ọdún méjìlá sẹ́yìn lọ wá ayé mìíràn tó ṣeé gbé. Lójoojúmọ́, bí ọkọ̀ náà bá ti yọ ní ìlà-oòrùn òkè, agogo ìlú á dún kí àwọn ẹbí lè gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ á gbéra kúrò lórí òdo, á gun ìlà mẹ́ta, á dúró níbẹ̀ bíi wákàtí kan, á sì padà. Ọdún méjìlá gbáko, kò yẹ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe ń jìnnà sí i, ó yẹ kí ìlà náà máa dínkù. Ti àwọn ọkọ̀ yòókù dínkù. Ti Àlọbọ̀ nìkan ló dúró gbọn-in, ìyẹn ló sì sọ Mọrádèyọ̀ di ẹni tí wọ́n ń pè síbi gbogbo wá sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ̀wé pé ó ní irú òkúta kan tí òòfà rẹ̀ kì í rẹ̀, bó ti wù kó rìn jìnnà tó. Òun fúnra rẹ̀ kọ méjì nínú ìwé wọ̀nyẹn. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri iléèwé, ẹni tó sì ti rí orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri rí mọ̀ pé kò rọrùn láti gbójú kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà rèé tí abẹ́rẹ́ ti sùn sórí òdo.

Kò pẹ́ tí agogo dákẹ́ ni ojú Ọ̀gá Ládiméjì yọ lórí gíláàsì kejì, èyí tí wọ́n fi ń bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Òun ni olórí iléeṣẹ́ Òfin Ààlà ní olú-ìlú, àgbàlagbà jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè.

"Mọrádèyọ̀, o kú iṣẹ́ o. Ó ń fà?"

"Kò fà, sà."

"Ọjọ́ kẹfà nìyí." Ó mí kanlẹ̀. "O mọ ohun tí òfin wí. Bí ọkọ̀ bá yọ lọ́la tí abẹ́rẹ́ kò dìde, wàá fi àtàńpàkò rẹ tẹ 'Ó Ti Tán.' A ó yí òpó ìgbọ́hùn kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló jáde nílé, òpó mẹ́ta péré la ní."

"Ohùn wọn ṣì dé ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, sà. Òmíràn lè wà lọ́nà báyìí."

"Ó lè wà lọ́nà. Ṣùgbọ́n o kò tíì dáyé nígbà tí wọ́n ń jà lórí ọkọ̀ tó yẹ ká tẹ́tí sí àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀. Kálukú ń sunkún ọmọ tirẹ̀. Wọ́n fọ́ra wọn lórí nítorí ẹ̀. Òṣùwọ̀n ló parí ìjà yẹn, torí òṣùwọ̀n kì í ṣojúsàájú. Ohun tí kò bá fà wá mọ́ ti kúrò lára wa. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Èmi náà ti tẹ̀ ẹ́ rí."

Mọrádèyọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Ládiméjì ló ń ṣọ́ òṣùwọ̀n ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Ìlérí kí wọ́n tó sọ ọ́ di olórí. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ Ìlérí sùn fún ọjọ́ méje, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ìgbà kan wà tí òun àti Mọrádèyọ̀ jọ jẹun níbi ìpàdé kan, ó dédé gbójú sókè nídìí oúnjẹ, ó bi í pé, "Kí ló dé tí tiwa fi tán tí tiyín kò tán?" Mọrádèyọ̀ dá a lóhùn bí ọ̀mọ̀wé, ó ń sọ nípa irú òkúta tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀. Ọkùnrin náà kàn ń mi orí, kò sì fọwọ́ kan ẹran àwo rẹ̀ mọ́.

Ó ku ibì kan tí Mọrádèyọ̀ kò tíì yẹ̀ wò, ìyẹn ẹ̀yìn àpáta. Ìwé àwòrán òkè sọ pé èèyàn kankan kò lè gba ibẹ̀ gòkè. Ṣùgbọ́n bóyá àpáta ti sán, bóyá atẹ́gùn ti ráyè wọlé. Ó di gbòǹgbò igi mú, ó ń fi ìdí wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má rí Olùṣọ́ Òṣùwọ̀n bó ṣe ń fi ìdí wọ́lẹ̀.

Kò rí ibi tó sán. Ọ̀nà tóóró kan ló rí, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pa, ó gba àárín ewé gbòdògì gòkè wá. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, wọ́n gbá ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìgbálẹ̀ fara ti àpáta. Kèǹgbè omi kan tó ti ṣófo wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni àpótí ìjókòó kan wà tí ojú rẹ̀ ti ń dán nítorí jíjókòó.

Ó yọ ẹ̀rọ ìwọ̀n-ọ̀nà lápò, ó gbé e lé àpáta. Láti orí àpótí yẹn dé ìdí abẹ́rẹ́, mítà mẹ́fà ni. Ó jókòó sórí àpótí náà, ó sì fi ìka ṣe ìṣirò lórí eruku. Èèyàn kan tí kò sanra tí kò sì tín-ín-rín, ní mítà mẹ́fà, ìlà mẹ́ta gééré. Ó tún ìṣirò ṣe, ìlà mẹ́ta. Ó fi kèǹgbè tó kún fómi kún un, ó di mẹ́ta àti ìdajì. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni abẹ́rẹ́ máa ń fi ìdajì ìlà yẹn kún un, Mọrádèyọ̀ sì ti kọ ogójì ojú ìwé lórí rẹ̀. Wọ́n ti ka gbogbo ewúrẹ́ orí òkè, wọn kò ka ẹni tó jókòó lẹ́yìn àpáta.

Ó tẹ̀ lé ọ̀nà náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì já sí ẹ̀yìnkùlé kan. Ìyá àgbà kan na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀ tó wú. Iṣu tó fẹ́ bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Káàbọ̀, ìyàwó mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Èmi ni mò ń ṣọ́ òṣùwọ̀n lórí òkè, mà."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí orúnkún. "O ti rí àpótí mi."

"Mo rí i, mà."

"Má bínú, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ká má débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń já ewé níbẹ̀, kí ìjọba tó mọ ọ̀nà òkè. Ọmọ mi Akínṣùúrù ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ibẹ̀ ló sì sún mọ́ ọn jù. Bí agogo bá ti dún, màá jókòó, màá sọ bí ilé ṣe rí fún un. Pé òrùlé ń jò. Pé ewúrẹ́ Ṣiyanbọ́lá bí ìbejì. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo máa ń sọ ọ́, kí n má baà dí yín lọ́wọ́."

"Lójoojúmọ́, mà?"

"Lójoojúmọ́. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, àti àwọn oṣù tí agogo ń dún lóru. Ọjọ́ mẹ́fà yìí nìkan ni orúnkún kọ̀ fún mi. Ó ń dùn mí. Á máa ṣe é ní kàyéfì pé mi ò wá."

Mọrádèyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó kàn sọ ọ́. Ó sọ ti abẹ́rẹ́, ti ìlà mẹ́ta, ti àpáta oní-mítà mẹ́fà. Ó sọ pé ọ̀la ni ọjọ́ keje àti ohun tí wọ́n máa fi òpó ìgbọ́hùn ṣe. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá sí i.

"Kì í ṣe Akínṣùúrù ló ń fà á nígbà náà," ni ìyá wí.

"Kì í ṣe òun, mà. Ẹ̀yin ni."

Ìyá fi ìborùn bo ojú. Àánú rẹ̀ ṣe Mọrádèyọ̀ débi pé ó fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu. Nígbà tí ìyá ṣí ojú, ó bi í pé, "Ti Akínṣùúrù ńkọ́? Ṣé kò wá fa nǹkan kan mọ́ ni?"

Mọrádèyọ̀ nawọ́ mú iṣu àti ọ̀bẹ. "Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, mà. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, òòfà á di ìdá kan nínú mẹ́rin." Ó gé iṣu sí mẹ́rin, ó mú ẹyọ kan. "Bí ọ̀nà bá tún di ìlọ́po méjì, ẹ tún gé e sí mẹ́rin." Ó gé e. Ó ń gé e lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kù bí hóró ìrẹsì. Ó tún fẹ́ gé ìyẹn, ó sì fọ́ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ. "Ó ti dé ibi tí kò ṣeé gé mọ́ báyìí."

Ìyá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ọ̀bẹ ló kọ̀. Iṣu kò tíì tán. Wò ó lẹ́nu rẹ̀ níbí."

Mọrádèyọ̀ wò ó. Nínú gbogbo ìwé tó ti kọ, kò sí ibi tó ti sọ ọ́ tó ṣe kedere bẹ́ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni ìjọba yín máa ń bi léèrè," ni ìyá wí. Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, òrí sì kùn ún lọ́wọ́. "Gbé mi lọ lọ́la, ọmọ mi. Jẹ́ kí n jókòó. Ohùn kan ṣoṣo sí i ni mo fẹ́ kí òpó yẹn gbọ́. Ẹyọ kan péré, kí n tó kú."

Mọrádèyọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Màá mú kẹ̀kẹ́ wá."

Kẹ̀kẹ́ orí òkè kò fẹ́ awakọ̀, ó ń wa ara rẹ̀ lọ. Ó ní nọ́mbà bíi ti ewúrẹ́, òṣùwọ̀n sì mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ keje, ó gbé ìyá dé ìsàlẹ̀ àpáta, kí oòrùn tó ràn dáadáa. Ìyá wé gèlè aláró. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ kan, pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ láti sọ fún Akínṣùúrù ti pọ̀. Mọrádèyọ̀ pàṣẹ fún kẹ̀kẹ́ pé bí agogo bá ti dún, kó gbé ìyá dé ìdí àpótí rẹ̀ kó lè jókòó, ó sì wọlé lọ jókòó síwájú abẹ́rẹ́.

Agogo dún. Abẹ́rẹ́ mira. Ó gun ìlà kan, ó gun èkejì, ó dé ẹ̀kẹta, ó sì dúró.

Lórí gíláàsì, Ọ̀gá Ládiméjì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọlọ́run ṣeun," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Tẹ̀ ẹ́, Mọrádèyọ̀. Tẹ 'Ó Ń Fà,' kí gbogbo ìlú lè gbọ́."

Àtàńpàkò rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Ta ni yóò mọ̀? Orúkọ rẹ̀ á wà lára ògiri, òpó á wà níbi tó wà, ohùn Akínṣùúrù á bá etí nílé nígbà tó bá dé. Ohun tí ìyá arúgbó kan bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ, Mọrádèyọ̀ sì fẹ́ fún un. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́.

Ó wá gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn nítorí tiwọn, omi sì ti lé sí i lójú. Mọrádèyọ̀ rántí ẹran tó fi sílẹ̀ nínú àwo. Láti ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti gbà pé ti àbúrò òun tán, pé ọmọ àwọn ẹlòmíràn ló wà nínú ọkọ̀ tí òòfà rẹ̀ kì í rẹ̀. Bí òun bá tẹ bọ́tìnnì yìí, ohun tí òun tún fẹ́ fọwọ́ sí fún un lẹ́ẹ̀kan sí i nìyẹn.

Ó yọ ọwọ́ kúrò.

"Kì í ṣe Àlọbọ̀, sà."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan iṣu àti ọ̀bẹ, kò fi ìdajì ìlà sílẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá Ládiméjì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà kò bú u, kò sì bínú. Ó kàn dà bí ẹni tó rẹ̀.

"Tẹ 'Ó Ti Tán' nígbà náà."

"Mi ò lè tẹ ìyẹn náà, sà."

"Bọ́tìnnì méjì péré ló wà, Mọrádèyọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ bá mi dúró díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀."

Ó jáde lọ sí ẹ̀yìn àpáta. Ìyá ṣì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó dé ibi ọ̀rọ̀ òrùlé. Mọrádèyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, mo ti sọ òótọ́ fún wọn."

Ìyá wò ó títí. "Mo rí i lójú rẹ lánàá pé wàá sọ ọ́," ló wí. "Kò dùn mọ́ mi nínú. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mi ò bí Akínṣùúrù láti fi irọ́ gbé e dúró." Ó nu imú. "Kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?"

"Ẹ máa lọ sílé, mà. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá a sọ, ẹ má dá a dúró."

Ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó fi aṣọ tì í lẹ́sẹ̀. Ó sáré padà wọlé, ó sì yí ojú ẹ̀rọ padà títí Ọ̀gá Ládiméjì fi lè rí abẹ́rẹ́ lápá kan, kó sì rí ojú fèrèsé lápá kejì, níbi tí ọ̀nà ìlú ti hàn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ máa wo méjèèjì pọ̀, sà."

Kẹ̀kẹ́ yọ lójú ọ̀nà, gèlè aláró wà lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà mẹ́ta sí méjì. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fi máa dé ìdí igi àràbà, abẹ́rẹ́ ti wá sí ìlà kan. Kẹ̀kẹ́ ń lọ. Abẹ́rẹ́ bọ́ sí ìdajì, ó mì díẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí òdo. Kò mira mọ́.

Lójú fèrèsé, gèlè aláró kò tíì dé àárín ọ̀nà. Ó hàn kedere. Ìyá gbé ọwọ́ kan sókè bó ṣe ń lọ, ó ń fi í ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀, nítorí wákàtí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé.

"Abẹ́rẹ́ ti sùn, sà," ni Mọrádèyọ̀ wí. "Ṣé ìyá ti tán?"

Ọ̀gá Ládiméjì wo obìnrin náà títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Èéfín ìdáná gba ẹ̀yìnkùlé yẹn jáde lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó sì wo ìyẹn náà.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo kọ ọ́ pé àbúrò mi ti tán."

"Abẹ́rẹ́ lẹ gbàgbọ́, sà. Gbogbo wa ni."

Ó fi etí ẹ̀wù nu ojú. "Kọ ọ́ bí o ṣe rí i. Kọ pé òṣùwọ̀n wa ni kò tó. Èmi náà á fọwọ́ sí i lábẹ́ tìẹ. Láìsí àtàńpàkò wa, wọn kò lè yí òpó yẹn padà, àfi tí wọ́n bá yọ wá níṣẹ́."

"Wọ́n lè yọ wá, sà."

"Wọ́n lè yọ wá. Ẹni tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ, bá a gé iṣu."

Mọrádèyọ̀ rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìbìkítà. "Tí ìgbìmọ̀ bá bi wá pé ibo gan-an ni òòfà parí sí ńkọ́?"

"Sọ fún wọn pé a kò tíì débẹ̀."

Mọrádèyọ̀ ti ń mú ìwé tó fẹ́ kọ, ó ti ń ronú bí òun ṣe máa gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá lọ́sàn-án, kó sì kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ọ̀gá Ládiméjì kò tíì pa gíláàsì.

"Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Ìlérí ń yọ lásìkò yìí," ló wí.

"Ẹ ṣì mọ̀ ọ́n, sà?"

"Mi ò gbàgbé rí," ló wí. "Mo kàn ti jáwọ́ nínú gbígbójú sókè ni."